Wọ́n Ní Ọjà Gòkè: Agbọ̀n Wo Ni Wọ́n Wọ̀n?

Ọ̀rọ̀ ṣíà ni mo gbé wá lónìí, ìpín ìdókòòwò tí à ń rà nínú ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Ẹ má pa rédíò yín. Mi ò ní da ìṣirò bò yín.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn ara mi ṣáájú.

Ìparí ọdún 2013 ni. Àsìkò kàlẹ́ńdà ni, ẹ̀yin náà sì mọ bí Ṣómólú, àdúgbò àwọn atẹ̀wé ní Èkó, ṣe máa ń rí nígbà kàlẹ́ńdà. Bébà á gba ojú ọ̀nà, jẹnẹrétọ̀ á máa hó, òórùn íǹkì á gba gbogbo àdúgbò kan. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, mò ń bá wọn to kàlẹ́ńdà ní méjìlá-méjìlá, ni rédíò tó wà lórí pẹpẹ bá sọ pé ọjà ṣíà ti gòkè láàárín ọdún náà, pé ó ti fi nǹkan bí 47 nínú 100 lé sí i. Ẹ̀yin ènìyàn, mo dìde. Mo ní ṣíà ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan nílé. Ọdún 2007 ni mo rà á, mo ra ọ̀kọ̀ọ̀kan ju náírà 2 lọ. Mo ti gbà pé ó ti kú. Mo wá sọ lọ́kàn ara mi pé òkú ti jí nìyẹn.

Mo pe alágbàtà mi lórí fóònù. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, èló ni ṣíà mi báyìí?"

Ó ní, "50 kọ́bọ̀ ni."

Mo ní, "Èló ló jẹ́ lọ́dún tó kọjá?"

Ó ní, "50 kọ́bọ̀ náà ni."

Mo padà jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to kàlẹ́ńdà mi. Ṣé rédíò purọ́ ni? Rédíò kò purọ́. Ọjà gòkè lóòótọ́. Ṣé alágbàtà purọ́ ni? Alágbàtà náà kò purọ́. Ṣíà mi wà ní 50 kọ́bọ̀ nítorí pé 50 kọ́bọ̀ ni iye tí a kọ sórí ìwé rẹ̀, òfin ọjà ìgbà náà kò sì gbà kí ṣíà já sísàlẹ̀ iye yẹn. Ọ̀pọ̀ ṣíà adójútòfò ló sùn sórí 50 kọ́bọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, títí wọ́n fi yí òfin náà padà ní ọdún 2018.

Báwo wá ni ọjà ṣe gòkè tí ṣíà mi kò mira? Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ dáhùn lálẹ́ yìí nìyẹn. Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ náà. Ó sì dùn mí pé kò sẹ́ni tó là á yé mi kí n tó fi owó mi sílẹ̀ ní 2007.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Kí ni wọ́n ń wọ̀n nígbà tí wọ́n bá ní ọjà gòkè?

Ẹ wo ìyá kan tó ń ná ọjà Bàrígà. Lóṣooṣù, ó ń ra gàrí, ìrẹsì, epo, ẹja àti ata, iye kan náà ló sì ń rà. Bí ohun tó wà nínú agbọ̀n yẹn bá ná an ní 10,000 náírà lóṣù tó kọjá, tó wá ná an ní 12,000 lóṣù yìí, kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í ka ata lọ́kọ̀ọ̀kan fún baálé rẹ̀. Yóò kàn sọ pé ọjà ti gbówó lórí. Agbọ̀n yẹn ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òṣùwọ̀n ọjà ṣíà. Wọ́n kó ṣíà ilé-iṣẹ́ púpọ̀ sínú agbọ̀n kan, wọ́n wo iye tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ lánàá, wọ́n wo iye tó jẹ́ lónìí, wọ́n sì kéde ìyàtọ̀ rẹ̀.

Ọjà ṣíà tiwa kì í ṣe ọmọ àná. Ọdún 1960 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Èkó, òwò sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1961. Lagos Stock Exchange ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn. Ní 1977, orúkọ rẹ̀ di Nigerian Stock Exchange. Láti 2021, Nigerian Exchange ni, NGX ni a gé e kúrú sí. Ṣùgbọ́n ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń tajà kí wọ́n tó hun agbọ̀n ńlá tí à ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìròyìn, èyí tí wọ́n ń pè ní All-Share Index, òṣùwọ̀n gbogbo ṣíà. Oṣù kìíní ọdún 1984 ni wọ́n gbé e kalẹ̀, 100 ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, tó pé ogójì ọdún, ó kọjá 100,000.

Ó di ìlọ́po ẹgbẹ̀rún! Ẹlòmíràn yóò pariwo. Ẹ ní sùúrù. Ní 1984, náírà kan ń ra ju dọ́là kan lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, dọ́là kan ti ju 800 náírà lọ ní báńkì. Ẹ rí i pé ìṣubú náírà ti jẹ púpọ̀ padà nínú ìlọ́po ẹgbẹ̀rún yẹn. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, òṣùwọ̀n yìí kò ka dífídẹ́ǹdì, èrè ọdọọdún tí ilé-iṣẹ́ ń pín fún wa. Owó tí ṣíà ń tà nìkan ló ń kà. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ òṣùwọ̀n, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló sọ.

Ó dáa. A ti mọ̀ pé agbọ̀n ni. Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n? Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ sún mọ́ rédíò.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wo ilé ìtẹ̀wé mẹ́ta lójú títì kan ní Ṣómólú. Àkọ́kọ́ jẹ́ ilé ńlá, máṣíìnì wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n tà á lónìí, 90 mílíọ̀nù náírà ni. Èkejì jẹ́ 6 mílíọ̀nù. Ẹ̀kẹta, ṣọ́ọ̀bù kékeré abẹ́ àtẹ̀gùn ni, 4 mílíọ̀nù ni gbogbo rẹ̀. Ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: 100 mílíọ̀nù. Ọdún kan kọjá. Ilé ńlá gba iṣẹ́ ìjọba, iye rẹ̀ di 99 mílíọ̀nù. Máṣíìnì èkejì bàjẹ́, iye rẹ̀ di 5 mílíọ̀nù. Ẹ̀kẹta, àwọn oníbàárà sá lọ, iye rẹ̀ bọ́ sí 2 mílíọ̀nù. Ẹ tún un rò: 106 mílíọ̀nù. Akéde yóò bọ́ síta, yóò ní àwọn atẹ̀wé àdúgbò yìí ti fi 6 nínú 100 lówó sí i. Ṣé irọ́ ló pa? Kò purọ́. Ṣùgbọ́n nínú ilé mẹ́ta, ilé méjì ń sunkún. Ẹni abẹ́ àtẹ̀gùn tí ìdajì ohun ìní rẹ̀ lọ, ó gbọ́ lórí rédíò pé òun ti lówó sí i.

Bí òṣùwọ̀n gbogbo ṣíà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Mo tún un sọ: bí ilé-iṣẹ́ bá ṣe tóbi tó ni ohùn rẹ̀ ṣe ń ròkè tó nínú agbọ̀n. Àwọn àgbà ní erin kì í fọn kí ọmọ rẹ̀ ó fọn. Ta ni erin ọjà wa? Ẹ mọ̀ wọ́n. Dangote Cement wọ ọjà ní 2010. MTN wọlé ní oṣù karùn-ún 2019, Airtel Africa tẹ̀lé e lọ́dún kan náà. BUA Cement dé ní 2020, BUA Foods dé ní 2022. Nígbà tí òṣùwọ̀n kọjá 100,000 ní oṣù kìíní 2024, àwọn márùn-ún yìí nìkan ju ìdajì gbogbo iye ọjà náà lọ, bẹ́ẹ̀ ilé-iṣẹ́ tó wà lórí ọjà ju ọgọ́rùn-ún lọ. Sìmẹ́ǹtì, fóònù, ṣúgà àti ìyẹ̀fun! Bí sìmẹ́ǹtì bá sín, gbogbo ọjà ló ń mú òtútù. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò tèmi wà nínú agbọ̀n náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹyọ ìrẹsì kan nínú àpò ìrẹsì ló rí. Bó bá jóná, òṣùwọ̀n kò ní mọ̀.

Kí wá ni ká ṣe? Ká tò wọ́n sí ìsọ̀rí ni.

Ọ̀rọ̀ ìtò yìí mú mi rántí àpótí lẹ́tà bàbá mi. Kí kọ̀ǹpútà tó gba iṣẹ́ ìtẹ̀wé, lẹ́tà òjé ni àwọn àgbà fi ń tẹ̀wé ní Ṣómólú. Àpótí pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n pín sí ilé kéékèèké. "a" ní ilé tirẹ̀, "b" ní ilé tirẹ̀. Ilé "e" ló máa ń tóbi jù, nítorí pé òun ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù. Atolẹ́tà tó mọṣẹ́ kì í wo àpótí, ọwọ́ rẹ̀ ló mọ ọ̀nà. Bí wọ́n bá wá tẹ iṣẹ́ tán, ọmọ iṣẹ́ ni yóò tú lẹ́tà, tí yóò dá ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sí ilé rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ni bàbá mi kọ́kọ́ fi kọ́ mi. Ní ọjọ́ kan, mo da "n" sí ilé "u". Wọ́n jọra bí a bá dojú wọn dé, ojú mi kò gbà á. Ní ọjọ́ kejì, bàbá mi to káàdì ìgbéyàwó, wọ́n nawọ́ láìwò bí wọ́n ti máa ń ṣe, orúkọ ìyàwó sì di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè pè. Wọn kò nà mí. Wọ́n kàn gbé káàdì náà fún mi, wọ́n ní kí n kà á sókè.

Ìsọ̀rí òṣùwọ̀n náà rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá dá ṣíà yín sí ilé tí kì í ṣe tirẹ̀, ohun tí ẹ ó kà yóò dàrú.

Ilé àkọ́kọ́ ni ti ìtóbi. NGX ní agbọ̀n kan tí ń jẹ́ NGX 30. Ọgbọ̀n ilé-iṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀, àwọn tó tóbi jù tí ṣíà wọn sì ń rí rà, tó ń rí tà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń tún un tò, ní oṣù kìíní àti oṣù keje. Ẹni tó bá rọ̀, wọn yóò yọ ọ́; ẹni tó bá dàgbà, wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀. Ọjà náà tún pín àwọn ilé-iṣẹ́ sórí àtẹ. Àtẹ Premium bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló sì fi bẹ̀rẹ̀: Dangote Cement, Zenith Bank àti FBN Holdings. Wọn kì í wo ìtóbi nìkan kí ènìyàn tó dé ibẹ̀, wọ́n ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́ náà pẹ̀lú. Àtẹ Main ni ti ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́. Àtẹ Growth wá wà fún àwọn kéékèèké tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń wá àyè fún àwọn kéékèèké o. Láti 1985 ni wọ́n ti ṣí ọjà onípele kejì fún wọn, wọ́n tún un ṣe ní 2013, wọ́n pè é ní ASeM, kó tó di àtẹ Growth ti òde òní. Àwọn àtẹ wọ̀nyí ní òṣùwọ̀n tiwọn. Nítorí náà, bí ṣíà yín bá wà lórí àtẹ kékeré, kí ló kàn yín kan òṣùwọ̀n tí sìmẹ́ǹtì ń gbé sókè sódò?

Kì í ṣe tiwa nìkan. Ọdún 1984 yẹn gan-an tí a hun agbọ̀n tiwa ni wọ́n gbé FTSE 100 kalẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọgọ́rùn-ún ilé-iṣẹ́ ńlá. Lọ́dún kan náà, ilé-iṣẹ́ Frank Russell ní Amẹ́ríkà gbé Russell 2000 jáde, agbọ̀n àwọn kéékèèké. Àwọn ènìyàn wa ní Kútọnu àti ní Lomé, ọjà tiwọn wà ní Abidjan, BRVM ni wọ́n ń pè é. Òun náà gbé agbọ̀n ọgbọ̀n ilé-iṣẹ́ kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Ìka kò dọ́gba, kò síbi tí wọn kò ti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìtóbi nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká kọjá sí èyí tó nira díẹ̀, tó sì wù mí jù: irú ṣíà tó jẹ́. Àwọn tó mọ ìdí òwò yìí máa ń pín ṣíà sí oríṣi méjì. Ọ̀kan ni mo máa pè ní ṣíà adàgbà. Èkejì ni mo máa pè ní ṣíà olówó-pọ́ọ́kú.

Kí ni ìyàtọ̀ wọn? Ẹ jẹ́ ká padà sídìí máṣíìnì. Bàbá kan wà ní Ṣómólú tó ní Kord àtijọ́, máṣíìnì Heidelberg tí ẹ̀yin atẹ̀wé mọ̀ dáadáa. Ó ti san gbèsè rẹ̀ tán tipẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta àti ilé ìwé méjì ni oníbàárà rẹ̀, wọn kì í kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń jèrè 2 mílíọ̀nù lọ́dún. Ó fẹ́ ta ilé-iṣẹ́ náà ní 10 mílíọ̀nù. Ẹni tó bá rà á, ọdún márùn-ún ni èrè yóò fi dá owó rẹ̀ padà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lẹ́bàá Akọkà ẹ̀wẹ̀, ó ní máṣíìnì kọ̀ǹpútà tuntun tó ń tẹ̀wé láìlo pléètì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó ń wọ́ tọ̀ ọ́. Èrè rẹ̀ lọ́dún yìí jẹ́ 1 mílíọ̀nù péré, ṣùgbọ́n ìlọ́po méjì èyí tó jẹ lọ́dún tó kọjá ni. Ó ní òun kò ní tà á dín ní 25 mílíọ̀nù. Bí èrè rẹ̀ bá dúró síbi tó wà, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni owó yóò fi padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ rà á gbà pé kò ní dúró síbẹ̀.

Ti bàbá yẹn ni olówó-pọ́ọ́kú. Owó rẹ̀ kéré sí ohun tó ń mú wọlé. Ti ọ̀dọ́mọkùnrin ni adàgbà. Ọ̀la rẹ̀ ni ènìyàn ń rà. Èwo ló dára jù? Ẹ má tíì dáhùn. Ó lè jẹ́ pé owó Kord kéré nítorí pé ẹ̀yà ara rẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́, àti pé àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ti fẹ́ máa fi fóònù ránṣẹ́ dípò ìwé. Olówó-pọ́ọ́kú yàtọ̀ sí ohun tó ń kú lọ, ṣùgbọ́n aṣọ kan náà ni àwọn méjèèjì máa ń wọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ní ọdún tó ń bọ̀, mẹ́wàá irú ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ni yóò ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Akọkà, tí èrè rẹ̀ yóò sì rọ́ wálẹ̀. Igi gógóró má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Èrò tèmi ni pé ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tó sì ń wá ohun tí yóò máa rí gbà lọ́dọọdún, kó kọ́kọ́ mọ ìdí tí olówó-pọ́ọ́kú fi jẹ́ olówó-pọ́ọ́kú. Àwọn ọ̀dọ́ tó lè dúró pẹ́ lè fi díẹ̀ sínú adàgbà. Ẹlòmíràn lè rò ó bí mìíràn.

Àwọn agbọ̀n fún èyí náà wà ní ọjà tiwa. Meristem, ilé-iṣẹ́ alágbàtà kan ní Èkó, bá NGX ṣe méjì: MERI Growth fún adàgbà, MERI Value fún olówó-pọ́ọ́kú. Afrinvest náà bá wọn ṣe ti àwọn tó ń san dífídẹ́ǹdì gidi, ó sì tún ṣe ti àwọn báńkì olówó-pọ́ọ́kú. Ojoojúmọ́ ni ọjà ń tẹ iye wọn jáde pẹ̀lú ti gbogbo ṣíà. Ìwé ìròyìn kì í sábà dárúkọ wọn, ìyẹn ló ń bí mi nínú.

Ẹ dákun, ẹ fetí sí èyí dáadáa, nítorí pé mo ti rí ẹni tó ṣì í. Òṣùwọ̀n kan wà tí ń jẹ́ NGX Growth. Òmíràn wà tí ń jẹ́ MERI Growth. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá! Ti àkọ́kọ́ ń wọn àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tó wà lórí àtẹ Growth. Ti ìtóbi ni. Ti èkejì ń wọn àwọn tó ń dàgbà kíákíá, ilé-iṣẹ́ ńlá sì lè wà nínú rẹ̀. Ti irú ṣíà ni. Mo tún un sọ: ọ̀kan ń béèrè pé, "Báwo lo ṣe tóbi tó?" Èkejì ń béèrè pé, "Báwo lo ṣe ń yára dàgbà tó?" Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí "n" àti "u" tèmi náà nìyí. Ẹni tó bá ń yára kà á yóò dá a sí ilé tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Morningstar fa ìlà ìtóbi àti ìlà irú ṣíà pọ̀ ní 1992. Wọ́n ya àpótí onílé mẹ́sàn-án. Ńlá, àárín àti kékeré wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Olówó-pọ́ọ́kú, adàgbà àti èyí tó dà wọ́n pọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán rẹ̀, mo ní, àpótí lẹ́tà bàbá mi rèé.

Àwọn ilé mìíràn wà tí kì í ṣe ti ìtóbi tàbí ti irú, n óò kàn fọwọ́ bà wọ́n. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tí ẹ kò fẹ́ owó èlé, Lotus Capital bá ọjà ṣe agbọ̀n kan ní 2012, ilé-iṣẹ́ 15 ni. Kò sí ilé ọtí níbẹ̀, kò sí báńkì tó ń gba èlé. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń yọ owó ìfẹ̀yìntì lára owó oṣù yín, òṣùwọ̀n Pension wà fún irú ṣíà tí òfin gbà kí wọ́n fi owó yín rà. Àwọn báńkì ní tiwọn, oúnjẹ àti ọṣẹ ní tiwọn, adójútòfò ní tiwọn.

Ó ku ohun kan tí kì í jẹ́ kí n sùn dáadáa. Mo ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń tún NGX 30 tò. Ẹ ro ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹni tó bá ń ṣàìsàn, wọ́n á gbé e jáde. Ẹni tó lera ni wọ́n á fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá kú pátápátá, kò sí agbọ̀n tó ń gbé e kiri. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, báńkì àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Afribank, Spring Bank àti Bank PHB. Àwọn tó ní ṣíà wọn pàdánù rẹ̀ ráúráú. Òṣùwọ̀n ń bá ìrìn rẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi àwòrán òṣùwọ̀n ogún ọdún hàn yín, tó ní "Ẹ wò ó, ó ń gòkè ni," ẹ bi í léèrè nípa àwọn tó ti jáde nínú agbọ̀n. Agbọ̀n lè yọ òkú rẹ̀ dànù, àpò èmi àti ẹ̀yin kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣé ẹ rántí 2007? Lẹ́yìn tí Soludo, gómìnà báńkì àpapọ̀ nígbà náà, ní kí gbogbo báńkì ní 25 bílíọ̀nù náírà, tí àsìkò rẹ̀ sì pé ní ìparí 2005, fọ́ọ̀mù ṣíà wọ gbogbo ilé. Ní ọ́fíìsì, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, fọ́ọ̀mù ni. Àwọn kan ta ilẹ̀. Àwọn kan yá owó àjọ. Òṣùwọ̀n gbogbo ṣíà ju 66,000 lọ ní oṣù kẹta 2008. Ọdún kan péré lẹ́yìn rẹ̀, nǹkan bí 20,000 ló kù. Nínú náírà 10, náírà 3 ló kù. Ó di ọdún 2023 kí ó tó tún dé ibi tó ti ṣubú, ìyẹn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà náà, dọ́là tí kò tó 120 náírà ní 2008 ti ju 700 lọ. Àwọn ènìyàn wa tó sọ owó wọn nù kì í ṣe òmùgọ̀. Ohùn kan ṣoṣo ni wọ́n gbọ́, ohùn erin. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ṣíà kékeré tí wọ́n ń rà ní owó gọbọi, ìrètí nìkan ni wọ́n ń rà, èrè kò sí nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá ní ṣíà nílé, ẹ kọ́kọ́ bi alágbàtà yín àtẹ wo ló wà. Ẹ bi í bóyá agbọ̀n adàgbà tàbí ti olówó-pọ́ọ́kú ló wọ̀. Ẹ bi í òṣùwọ̀n tí ó yẹ kí ẹ máa fi wé e. Bí ṣíà báńkì ni, ẹ fi wé ti báńkì. Bí òṣùwọ̀n báńkì bá gòkè tí tiyín ń wálẹ̀, a jẹ́ pé lára ilé-iṣẹ́ yẹn ni àrùn wà. Bí gbogbo báńkì bá jọ wálẹ̀, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn, kò yẹ kí ẹ fi ìbẹ̀rù sá tà á. Ẹ bi wọ́n, ẹ má tijú. Owó yín ni. Alágbàtà tí kò bá lè dáhùn, ẹ wá òmíràn.

Mo ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú bàbá mi ní àìpẹ́ yìí. Wọ́n ti dàgbà, àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ń darí ṣọ́ọ̀bù báyìí, ṣùgbọ́n wọn kò lè ṣe kí wọ́n má wá jókòó síwájú rẹ̀ láràárọ̀. Wọ́n ní àwọn ìwé ṣíà láti ìgbà tí ìjọba ológun ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ta ìpín fún ọmọ Nàìjíríà, ní àwọn ọdún 1970. Inú páànù bisikíìtì ni wọ́n kó o sí, pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ àti àwòrán ìgbéyàwó wọn. Mo ka orúkọ ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fún wọn, mo sọ agbọ̀n tó wà. Wọ́n fa bébà kan jáde lára èyí tí wọ́n gé kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, wọ́n fi rúlà fa ìlà lé e, wọ́n pín in sí ilé-ilé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ náà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ńlá lápá ọ̀tún, kékeré lápá òsì. Nígbà tí wọ́n dé orí ọ̀kan, wọ́n gbé bírò sókè.

Wọ́n ní, "Èyí ńkọ́? Ilé wo ni tirẹ̀?"

Mo sọ fún wọn pé ilé-iṣẹ́ náà ti kú. Wọ́n wo ìwé náà pẹ́. Wọ́n wá fa ilé kan kún un sí ìsàlẹ̀ bébà, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.